Kọ́kọ́rọ́ Kejì Tó Fún Ọkọ Rẹ̀

Ọjọ́ tí ọkùnrin náà fi òrùka sí i lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ ni obìnrin náà fi san oore.

Kọ́kọ́rọ́ kékeré ni, kò gùn ju ìka ọmọdé lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkùnrin náà ní àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Ẹ̀mí mi rèé o. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Ọkùnrin náà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tó gbà. Òun gan-an ló kọ́ obìnrin náà pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ní irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ilé-iṣẹ́ tó ń pọn omi fún ìlú làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù ńláńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tó ń fa omi láti odò gòkè lọ sínú táǹkì orí òkè. Ọkùnrin náà ni ọ̀gá yàrá ìdarí, níbi tí wọ́n ti ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Olùkọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé òun ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn níṣẹ́. Obìnrin náà ni ẹnjiníà tó ń tọ́jú àwọn dráìfù. Òun ni wọ́n sọ ní Àǹtí Ṣọ́ra, torí pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Dráìfù ni àpótí irin gíga tó dúró sáàárín iná ìlú àti ẹ́ńjìnnì pọ́ǹpù. Iná tó ń ti ìta bọ̀ kì í dúró lójú kan. Á lọ, á bọ̀, á ṣe bí ọmọ tí kò gbọ́ràn. Dráìfù ni yóò mú un, tí yóò nà án tọ́, tí yóò rọ ọ́ pamọ́ sínú kapásítọ̀ bí ẹni rọ omi sínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni yóò gé e wẹ́wẹ́, tí yóò máa bù ú fún ẹ́ńjìnnì níwọ̀n-níwọ̀n. Òun ni kì í jẹ́ kí iná gbogbo àdúgbò ṣẹ́jú nígbà tí ẹ́ńjìnnì tó tóbi bí màlúù bá ń jí láti ojú oorun.

Ó wúlò. Ó sì ń pani, bí ìka bá kàn án nígbà tí kò yẹ.

Ìdí nìyí tí òfin àgádágodo fi wà. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ gòkè lọ sí yàrá suwíìṣì. Yóò pa iná ẹ̀rọ náà, yóò fi àgádágodo tirẹ̀ ti ọwọ́ suwíìṣì pa, yóò ju kọ́kọ́rọ́ sápò, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí iṣẹ́. Fọ́tò rẹ̀ wà lára àgádágodo náà. Ohun tí fọ́tò yẹn ń sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: èmi ni mo wà nísàlẹ̀, ẹ má pa mí.

Kò sí ọ̀gá tó láṣẹ láti ṣí àgádágodo ẹlòmíràn. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló sì máa ń bá àgádágodo tuntun wá. Iwájú ọ̀gá ni wàá ti fi òòlù fọ́ èkejì.

Àǹtí Ṣọ́ra fọ́ kọ́kọ́rọ́ kan lóòótọ́. Kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ àtijọ́ kan ni. Ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ló ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n ṣọ́ra, àmọ́ ìfẹ́ gùn ún débi pé ó fi ohun tí òfin ní kó fọ́ ṣe ẹ̀bùn. Lójú tirẹ̀, kò sí ẹ̀bùn tó jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń sọ fún ọkọ pé "ọwọ́ rẹ lẹ̀mí mi wà". Òun nìkan ló gbé e fún un tòótọ́.

Nígbà tí wọ́n kó lọ sí ilé tuntun, ọkọ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ náà ti bá ẹrù àtijọ́ lọ. Obìnrin náà ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán.

*

Fáànù dráìfù kẹta ló jóná. Fáànù yìí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí dráìfù lára kí ó má baà gbóná. Bí kò bá sí i, dráìfù fúnra rẹ̀ kì í gbà láti ṣiṣẹ́.

Àǹtí Ṣọ́ra ti pa iná rẹ̀, ó ti fi àgádágodo sí i, ó ti dúró títí tí kapásítọ̀ fi tú gbogbo iná inú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti yọ fáànù náà jáde, nígbà tí ọkọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí obìnrin náà lọ̀ fún un láàárọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ṣé kò lè tán kí wọ́n tó dé?"

"Kí ta ni tó dé?"

"Àwọn àlejò láti ilé-iṣẹ́ àgbà. Mo ti sọ fún wọn pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣiṣẹ́."

"Ta ló ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá lórí gbogbo ilé-iṣẹ́ omi ẹkùn yìí ni wọ́n ń wá. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé tèmi ti dẹnu kọlẹ̀?"

"Olùkọ́, fáànù tó jóná ò mọ àlejò. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni wọ́n máa fi wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì kọjá."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn náà ló ń pani. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbọn eruku kúrò ní èjìká ìyàwó rẹ̀. "O ti borí, Àǹtí Ṣọ́ra," ló wí, ó sì gun àtẹ̀gùn padà lọ.

Kò pẹ́ tí mẹ́káníìkì àgbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Gírísì fi dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí pọ́ǹpù kẹta ti ń sinmi, òun fẹ́ yẹ ibi tí ẹ́ńjìnnì àti pọ́ǹpù ti so pọ̀ wò.

"Àgádágodo tiyín ńkọ́, Bàbá?"

"Ó wà lára pọ́ǹpù kìíní, mi ò tíì parí níbẹ̀. Tìrẹ ti tó àwa méjèèjì. Àbí ó kéré ni?"

"Bàbá, òfin ò wí bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ àti àgádágodo yìí! Ṣé o ò fi ti ọkọ rẹ pa lọ́jọ́ ìgbéyàwó?"

"Mo tì í pa o. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò mi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó dá bàbá náà padà. Kò dá a padà. Ó ní òun ń lọ gba fáànù tuntun ní sítọ́ọ̀ tó wà lódìkejì ọgbà. Bàbá Gírísì nìkan ló sọ fún.

Ìyá Sítọ́ọ̀ kò yára. Ó gbé ìgò ojú rẹ̀ sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó ń wá fáànù láàárín páálí.

"Ọkọ rẹ tàn yanran láàárọ̀ yìí o. Ṣé ó fẹ́ fẹ́yàwó kejì ni?"

"Bí ó bá fẹ́ ẹ, Màmá, ẹ bá mi bi í bóyá ìyàwó tuntun náà mọ dráìfù tún ṣe, kó wá máa ràn mí lọ́wọ́."

Ìyá Sítọ́ọ̀ gbé fáànù náà lé e lọ́wọ́, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìró kan dìde láti ọ̀ọ́kán. Ìró ẹ́ńjìnnì tó ń jí díẹ̀díẹ̀ ni, láti orí ìkùn títí dé orí ohùn tẹ́ẹ́rẹ́. Àǹtí Ṣọ́ra mọ ìró pọ́ǹpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ìkẹta ni.

Kí ó tó lè la ẹnu, wọ́n gbọ́ igbe.

Ó sáré. Fáànù tuntun já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó dé gbọ̀ngàn ẹ́ńjìnnì, ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́tìnì pupa ara ògiri, gbogbo nǹkan sì dákẹ́. Bàbá Gírísì wà nílẹ̀. Ọ̀pá tó ń yí ti wé apá aṣọ rẹ̀, ó sì ti fa ọwọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rí bí ohun tí kì í ṣe ara rẹ̀.

"Ṣebí o tì í pa," ni bàbá náà ń wí. "Ọmọ mi, ṣebí o tì í pa?"

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ tán, Àǹtí Ṣọ́ra gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá suwíìṣì. Àgádágodo rẹ̀ wà lórí ilẹ̀, ní ṣíṣí. Kò fọ́, kò há, wọn kò fi ayùn kàn án. Fọ́tò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i.

*

"Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i," ni ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà wí. Obìnrin ni, Màdámù ni gbogbo wọn ń pè é, kì í sì í pariwo. "Kọ́kọ́rọ́ rẹ dà?"

Àǹtí Ṣọ́ra yọ ọ́ jáde lápò.

"Ṣé o gbé e fún ẹnikẹ́ni lónìí?"

"Rárá, Màdámù."

"Nígbà náà, ta ló ṣí i?"

Àǹtí Ṣọ́ra yíjú sí ọkọ rẹ̀, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Olùkọ́ ti sọ tirẹ̀ tán: ó ní òun wà níwájú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọn àlejò, kọ̀ǹpútà fi hàn pé dráìfù kẹta ti ṣetán, òun rò pé iṣẹ́ ti parí, òun sì tan án.

"Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà, Màdámù," ni Olùkọ́ wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń kẹ́dùn. "Ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Bóyá ṣe ló ṣí i kó tó lọ sí sítọ́ọ̀, tó gbàgbé. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí."

Àǹtí Ṣọ́ra gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rò pé ọkọ òun ń gbèjà òun ni.

Màdámù ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan dráìfù kẹta, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, àti pé bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé ẹnjiníà ṣí àgádágodo nígbà tí ènìyàn ṣì wà nídìí ẹ̀rọ, ẹnjiníà náà kò tún ní fọwọ́ kan iná mọ́ láyé rẹ̀.

Nílé, ọkùnrin náà bu omi fún un, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àǹtí Ṣọ́ra kò mu omi náà.

"Mi ò ṣí i. Mo mọ̀ pé mi ò ṣí i."

"Ṣé ó dá ọ lójú? O rántí ìgbà tí o fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná?"

"Ìyẹn kọ́ nìyí."

"Orí kan náà ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́, aya mi. Sọ fún wọn pé o gbàgbé. Ìgbàgbé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n á bá ọ wí, màá sì bá ọ bẹ̀ wọ́n."

"Kọ́kọ́rọ́ kejì ńkọ́?"

Ọkùnrin náà ò wò ó lójú. Ó ń tún okùn bàtà rẹ̀ so, bàtà tí kò sí lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. "Èwo ni kọ́kọ́rọ́ kejì? Ṣebí mo sọ fún ọ pé ó ti sọnù. Má tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀ níbẹ̀ o. Bí wọ́n bá gbọ́ pé o tan ọ̀gá jẹ lọ́jọ́sí, pé kọ́kọ́rọ́ àpótí lo fọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Kò ní sí ẹ̀bẹ̀ tó máa wọlé."

Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ti di ìdè sí i lọ́rùn, ẹni tó sì di okùn náà mú ló ń fi ọwọ́ pa á lórí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti ń rí i lọ́kàn ara rẹ̀ bí òun ṣe ṣí àgádágodo náà. Ó ti ń rí ọwọ́ ara rẹ̀ lórí kọ́kọ́rọ́.

*

Ó lọ sí ọsibítù láti lọ tọrọ àforíjì. Wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun di ọwọ́ Bàbá Gírísì, wọ́n gbé e kọ́ bí ẹni pé ó ń kí ènìyàn. Àǹtí Ṣọ́ra kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo gbàgbé ni. Mo ṣí i, mo sì gbàgbé."

"O ṣí kí ni?"

"Àgádágodo."

Bàbá náà wò ó bí ẹni tó ń wo ẹ́ńjìnnì tó ń dún lódì. "Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?"

"Wọ́n ní…"

"Ọmọ yìí, dìde. Nígbà tí o ti jáde tán ni mo gòkè lọ wò ó. Èmi arúgbó yìí tí mi ò fi tèmi sí i, ṣé mi ò ní lọ wo tìrẹ ni? Fọ́tò rẹ ń wò mí níbẹ̀. Mo tún fà á wò. Ó ti pa gbọn-in. Ìgbà náà ni mo tó sọ̀kalẹ̀ wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Àǹtí Ṣọ́ra dìde.

"Ẹnikẹ́ni tó ṣí i, kì í ṣe ìwọ. Ọwọ́ mi yìí á san. Orúkọ rẹ ni kò ní san bí o bá fi ẹnu ara rẹ bà á jẹ́."

Inú bọ́ọ̀sì, lójú ọ̀nà ilé, ni èrò kejì ti kọlù ú, tó fi di irin ìjókòó iwájú mú.

Ọkọ rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà sọ fún òun pé dráìfù ti ṣetán. Dráìfù wo? Dráìfù tó ti yọ fáànù kúrò lára rẹ̀? Kí dráìfù tó sọ pé òun ti ṣetán, yóò kọ́kọ́ bèèrè fáànù rẹ̀. Bí kò bá rí i, á kọ̀ jálẹ̀, àfi bí ẹnìkan bá wọ inú ètò rẹ̀ lọ láti pàṣẹ fún un pé kó má bèèrè mọ́. Nọ́ńbà àṣírí ló ń ṣí ibẹ̀. Ènìyàn méjì ló mọ nọ́ńbà náà ní gbogbo ilé-iṣẹ́.

Òun ni ọ̀kan.

Ilé ló bá èkejì, tó ń gé àlùbọ́sà, tó ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Àǹtí Ṣọ́ra jókòó sórí àga, ó wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó fẹ́ fún un láàyè. Bí ó bá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ níhìn-ín, nínú ilé ìdáná yìí, bóyá ohun kan yóò ṣẹ́kù.

"Ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ fún mi kí n tó lọ bá ìgbìmọ̀ lọ́la?"

"Bíi kí ni?"

"Ohunkóhun."

Ó yíjú padà. Àlùbọ́sà ti mú omi jáde lójú rẹ̀. "Má bẹ̀rù ni mo fẹ́ sọ. Mo wà lẹ́yìn rẹ gbágbáágbá."

*

Inú yàrá ìdarí ni ìgbìmọ̀ jókòó sí. Màdámù wà níbẹ̀, àti ọkùnrin onígò ojú kan láti ilé-iṣẹ́ àgbà, ọ̀kan nínú àwọn àlejò ọjọ́ náà. Olùkọ́ jókòó ní àyè rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ibẹ̀.

"Wọ́n ní o fẹ́ jẹ́wọ́," ni Màdámù wí.

Àǹtí Ṣọ́ra wo ọkọ rẹ̀. Òun ló ti bá a sọ ọ́ fún wọn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màdámù, mo ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Àmọ́ mo fẹ́ bẹ̀ yín ná, kí ẹ ní kí wọ́n tan iná sí dráìfù kẹta. Kí ẹnikẹ́ni má wà nítòsí rẹ̀. Kí ẹ má tan ẹ́ńjìnnì. Kí a kàn wo ohun tó máa sọ lójú kọ̀ǹpútà."

"Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe?" ni Olùkọ́ bèèrè. "Ẹ̀rọ tó ti ṣe ènìyàn léṣe!"

"Fáànù rẹ̀ kò sí níbẹ̀," ni Àǹtí Ṣọ́ra wí fún Màdámù. "Inú àpótí irinṣẹ́ mi ló wà látọjọ́ náà. Dráìfù tí kò ní fáànù kò lè sọ pé òun ti ṣetán."

Ọkùnrin onígò gbé orí sókè. Màdámù rán ènìyàn lọ sí yàrá suwíìṣì, ó rán òmíràn lọ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Wọ́n tan iná. Kapásítọ̀ kún díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ń wò ó bó ṣe ń gòkè.

Iná àwọ̀ ewé tàn. Dráìfù kẹta ti ṣetán.

"Ẹ̀rọ yìí ń parọ́," ni ọkùnrin onígò wí.

"Wọ́n ní kó parọ́ ni," ni Àǹtí Ṣọ́ra dáhùn. "Ènìyàn méjì ló lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un. Èmi àti Olùkọ́."

"Ìwọ lo ń tún un ṣe!" ni ọkọ rẹ̀ kígbe. "Ìwọ lo ṣe é, o gbàgbé, gẹ́gẹ́ bí o ṣe gbàgbé àgádágodo!"

"Bàbá Gírísì fọwọ́ fa àgádágodo náà wò lẹ́yìn tí mo ti lọ. Ẹ lè ránṣẹ́ sí i ní ọsibítù."

"Kò sí ẹlòmíràn tó ní kọ́kọ́rọ́," ni Màdámù wí. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n já òun nírọ́.

Ibẹ̀ ni Àǹtí Ṣọ́ra dé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Bí ó bá dákẹ́, bóyá wọ́n ò ní rí ẹjọ́ rẹ̀ dá. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń gé ẹ̀ka tó jókòó lé.

"Ó wà," ló wí. "Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé àgádágodo náà fún mi, Màdámù, kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ ni mo fọ́ níwájú yín. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kejì fún ọkọ mi."

"Irọ́ ni!" Olùkọ́ ti fò dìde. "Ṣé mi ò ti sọ fún ọ pé ó ti sọnù ni?"

Màdámù yíjú sí i.

"Kí ló sọnù, Olùkọ́?" ni Màdámù bi í.

Ọkùnrin náà wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo kọ̀ǹpútà, níbi tí iná àwọ̀ ewé ṣì ti ń tàn. Ó jókòó padà bí igi tí wọ́n gé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ tú jáde. Kọ́kọ́rọ́ náà kò sọnù rí. Ó ti pẹ́ tó ti ń rò pé ọjọ́ kan lè dé tí yóò wúlò, ló fi gbé e pamọ́. Nígbà tí àwọn àlejò wọ ọgbà, ó sá lọ sí yàrá suwíìṣì. Ó ṣí àgádágodo, ó tan iná, ó sá padà wá jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, ó sì pàṣẹ fún dráìfù kí ó má bèèrè fáànù mọ́. Ó fẹ́ pa á padà kíá bí wọ́n bá ti wò ó tán. Ọkùnrin onígò kọjú sí ògiri. Òun gan-an ló ti gbóríyìn fún un lọ́jọ́ náà pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

*

Wọ́n lé Olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fà á lé àwọn agbófinró lọ́wọ́. Àwọn ìyẹn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ní kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Bàbá Gírísì gba ìbáwí nítorí àgádágodo tirẹ̀. Ó ní ìbáwí náà kò dun òun tó símẹ́ńtì. Wọn kò lé Àǹtí Ṣọ́ra. Wọ́n gba àwọn àgádágodo lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó padà sí ipò ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí kò lè dá fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn dúró tì í. Ó gbà á. Ó ní ẹni tó tan òfin jẹ kò lè bínú pé òfin kò gba òun gbọ́ mọ́.

Ó ní kí a sọ ọ́ fún àwọn tó ń ka ìtàn yìí, ní pàtàkì àwọn tí ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa bí ọtí: ohun tí wọ́n ní kí o nìkan mú lọ́wọ́, nítorí ẹ̀mí rẹ ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ yóò bá ọ fi òòlù fọ́ èkejì.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kó lọ. Ọkọ rẹ̀ wá bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ó ti rù. Ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá jọ.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá gbogbo omi. Ṣé omi ilé yín kò yọ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí ìyàwó mi."

"Ẹ jẹ́ kó wọlé, ẹ̀gbọ́n mi," ni Àǹtí Ṣọ́ra wí láti inú yàrá.

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ó sunkún, ẹkún tòótọ́. "Mi ò mọ̀ pé Bàbá Gírísì wà níbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra. Bí mo bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ǹ bá gé ọwọ́ ara mi kí n tó fi tan án."

"Mo gbà yín gbọ́."

Ọkùnrin náà gbé orí sókè. Ìrètí yọ lójú rẹ̀.

"Fọ́tò ta ló wà lára àgádágodo tí ẹ ṣí?"

"Tìrẹ ni."

"Ta ló sọ fún yín pé mo ti kúrò nídìí dráìfù?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Bàbá Gírísì nìkan ni mo sọ fún pé mò ń lọ sí sítọ́ọ̀. Ìlẹ̀kùn dráìfù wà ní ṣíṣí, fáànù ti jáde, ẹ sì mọ ibi tí ọwọ́ mi máa ń wà bí mo bá ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Nígbà tí o ń yí kọ́kọ́rọ́ yẹn, níbo lo rò pé mo wà?"

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún un là.

Àǹtí Ṣọ́ra dúró dè é. Ó dúró pẹ́, torí pé ní wákàtí yẹn, kò sí ohun tó wù ú láyé tó kí ọkùnrin náà tún pa irọ́ kan ṣoṣo péré sí i fún un.

Kò rí irọ́ kankan pa.